Ta Ló Rán Wa Níṣẹ́?

Ìbéèrè kan ti ń jẹ wá lọ́kàn láti ìgbà pípẹ́, a kò sì rí ibi tí a lè gbé e kalẹ̀ sí bí kò ṣe ojú ewé yìí, níbi tí a ti máa ń fi ọ̀rọ̀ lọ ara wa. Ìbéèrè náà kò lọ́jú pọ̀. Bí ènìyàn bá gbé owó lé wa lọ́wọ́ pé kí á bá òun ṣètò ìgbéyàwó ọmọ òun, tí àwọn tí a lọ ná owó náà lọ́dọ̀ wọn sì fún wa ní nǹkan lábẹ́lẹ̀, ta ni ó ni nǹkan náà? Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn kíákíá pé àwa ni a ni ín, nítorí pé àwa ni a fún. Àwa náà dáhùn bẹ́ẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, a sì sùn lé e lórí.

Tọkọtaya ni àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìbàdàn ni a ti ń ṣiṣẹ́, a sì máa ń dé Èkó, Abẹ́òkúta àti Ìlọrin bí iṣẹ́ bá pè wá. Ilé iṣẹ́ wa kò ju yàrá kan lọ: tábìlì kan, àga mẹ́ta, àpótí tí a ń kó àpẹẹrẹ aṣọ sí, àti ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle tí a ń kọ ìnáwó oníbàárà kọ̀ọ̀kan sí. Ọmọbìnrin méjì ni ó máa ń wá ràn wá lọ́wọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ìyá wa àgbà gbọ́ ohun tí a ń gba owó lé lórí, ẹ̀rín pa á títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣe bí ẹ ti ń wí? Ẹ tún ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe ìyàwó?"

Ẹ̀rín Ìyá ní ìdí. Ní ayé tiwọn, kò sí ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ yìí. Alárinà ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ láàárín ìdílé méjèèjì, bí tọkọtaya bá sì ti mojú ara wọn tán, a yẹ̀ba. Àwọn ìyàwó ilé ni ó ń pín iṣẹ́: àwọn kan á pọnmi, àwọn kan á gúnyán, àwọn kan á lọ yá ìkòkò ńlá lójúlé kejì. Àwọn ọmọ ilé lọ́kùnrin ni ó ń pa àtíbàbà. Ẹni tí wọ́n bá rán lọ ra ẹran, gbogbo agbo ilé ni ó mọ iye tí wọ́n fi rán an, ojú gbogbo wọn sì wà lára ẹran náà nígbà tí ó bá dé. Lónìí, ọmọ kan wà ní Èkó, ọ̀kan wà ní London, ìyá ìyàwó kì í kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí agogo márùn-ún tó lù, ẹni tí ì bá sì pọnmi ti di ọ̀gá báńkì. Bí iṣẹ́ tí gbogbo ilé ń ṣe ṣe di iṣẹ́ ẹni méjì tí a ń sanwó fún nìyẹn. A kò rò pé ìtìjú kan wà níbẹ̀. Iṣẹ́ òógùn ojú ni, hàláàlì sì ni owó rẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé ojú agbo ilé kò sí lára ẹran mọ́.

Ẹni tí kò bá ti ṣe ìnáwó rí lè má mọ bí iṣẹ́ náà ti rí. Láti ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ títí di ọjọ́ ìdána, títí yìgì yóò fi so, títí a ó fi jẹun tán tí a ó sì palẹ̀ àga mọ́, a kì í bá àwọn tí kò tó ènìyàn mẹ́wàá tàbí méjìlá dúnàádúrà: onígbọ̀ngàn tàbí oníkáńópì, alásè, oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́, onífọ́tò, ẹlẹ́rọ gbohùngbohùn, onígèlè, alága ìdúró àti alága ìjókòó. Kò sí èyí tí iye owó rẹ̀ wà lára ògiri. Bàbá ìyàwó lè ṣe irú ìnáwó yìí lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin láyé rẹ̀. Àwa ń ṣe é lósọ̀ọ̀sẹ̀. A mọ ẹni tó ń gba owó gọbọi tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa, a mọ alásè tí ẹran rẹ̀ máa ń kéré bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ìmọ̀ yìí gan-an ni ọjà tí à ń tà. Oníbàárà kò mọ̀, ó sanwó kí á bá òun mọ̀.

Ní 2015, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ gbé ìgbéyàwó àkọ́bí rẹ̀ obìnrin fún wa. Ìyàwó rẹ̀ ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà. A sọ iye tí a ó gbà, ₦60,000, ó sì san án láìjanpata. Ó ní òun náà ti ṣiṣẹ́ gbowó oṣù rí, òun kì í bá oníṣẹ́ ná iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ìnákúnàá. Ó mú bébà kan tí ó ti fi rúlà fa ìlà sí jáde, ó ka orúkọ àwọn tí òun fẹ́ pè fún wa. Gbogbo wọn jẹ́ 250.

Àwa ni a sọ pé 250 kò ní tó. A ní, "Ẹ wò ó, Bàbá, ẹ wo iye ẹbí yín, ẹ wo àwọn tí ẹ jọ ṣe olùkọ́, ẹ wo àwọn ará mọ́ṣáláṣí, ká má tilẹ̀ tíì sọ ti àwọn ará ọjà Ìyá. Ẹ jẹ́ kí á fi sí 400, kí ojú má baà tì wá lọ́jọ́ náà." Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀. Wọ́n gbà. Nígbà tó yá ni a gbọ́ pé Ìyá lọ yá ₦150,000 ní ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù ọjà wọn kí oúnjẹ 400 náà lè ṣeé ṣe.

Ìnáwó náà dùn. Oúnjẹ kárí, ó tilẹ̀ ṣẹ́ kù, òjò kò sì rọ̀. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, onígbọ̀ngàn fi àpò ìwé pẹlẹbẹ kan lé wa lọ́wọ́. Ó ní, "Tiyín rèé." ₦30,000 ni ó wà níbẹ̀, nínú ₦150,000 tí Bàbá san fún un. Alásè fi tirẹ̀ ránṣẹ́: ₦100 lórí àwo kọ̀ọ̀kan, àwo 400, ìyẹn ₦40,000. Oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ mú ₦10,000 wá fúnra rẹ̀, ó tún dúpẹ́. A kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ńlá wa, nítorí pé a ní ìlà kan níbẹ̀ tí a pè ní "tiwa". Ẹ bá wa ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹni tó rán wa níṣẹ́ fún wa ní ₦60,000. Àwọn tí ó rán wa sí fún wa ní ₦80,000.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Bí owó ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún bá wá pọ̀ ju ti ẹni tó rán ni lọ ńkọ́?

Àwáwí kì í wọ́n ní ẹnu oníṣòwò. Èyí tó yá jù ni pé gbogbo wa ni a ń ṣe é. Òótọ́ ni, kò sì dáhùn ìbéèrè kankan. Èkejì lágbára jù ú lọ: wọ́n ní oníbàárà kò pàdánù, nítorí pé iye tí onígbọ̀ngàn ń gbà lọ́wọ́ gbogbo ayé ni ó gbà lọ́wọ́ Bàbá, inú èrè ara rẹ̀ ni ó ti yọ tiwa. A fẹ́ràn àwáwí yìí gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á tú u wò. Onígbọ̀ngàn tó lè gba ₦120,000 kí ó sì lọ sílé tayọ̀tayọ̀, ₦120,000 ni iye gbọ̀ngàn rẹ̀. Ẹni tó sanwó fún wa pé kí á bá òun ná ọjà ni ó yẹ kí á bá ná a débẹ̀. Àwa náà kúkú bá a ná an débẹ̀, àpò ara wa ni a ná an sí. Ti alásè tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọdún yẹn, ₦800 ni ó ń gbà lórí àwo. ₦900 ni ó gbà lọ́wọ́ Bàbá. Bàbá ni ó san "tiwa" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò kàn mọ̀ ni.

Àwáwí kẹta ni pé ọrẹ ni wọ́n ta wá, a kì í sì í kọ ọrẹ. Lórí èyí, a kò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ayé Ànábì wa Muhammadu (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Bukhari gbà á wá nínú hàdíìsì pé Ànábì rán ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ibn al-Lutbiyya pé kí ó lọ gba sàká wá. Nígbà tí ó dé, ó pín ẹrù rẹ̀ sí ọ̀nà méjì: ó ní apá kan jẹ́ sàká, apá kejì ni wọ́n fi ta òun lọ́rẹ. Ànábì dúró lórí mínńbárì, ó sì bèèrè níwájú ìjọ pé bí ó bá ṣe pé ilé bàbá tàbí ilé ìyá rẹ̀ ni ọkùnrin náà jókòó sí, ṣé ọrẹ yẹn ì bá wá bá a níbẹ̀? Ẹ̀yin ará, a mú ìbéèrè náà wọ yàrá oní tábìlì kan wa. Bí a bá jókòó sílé wa ní ọdún 2015, tí a kò mú bàbá olùkọ́ kankan dání lọ sí gbọ̀ngàn náà, ṣé onígbọ̀ngàn yóò wá kan ìlẹ̀kùn wa pẹ̀lú ₦30,000? Kò mọ ilé wa pàápàá.

Sàhábà mìíràn wà tí ìtàn rẹ̀ dùn mọ́ wa ju ti Ibn al-Lutbiyya lọ, nítorí pé oníṣòwò bíi tiwa ni. Urwa al-Bariqi ni orúkọ rẹ̀. Ànábì fún un ní dínárì kan pé kí ó bá òun ra àgùntàn kan. Urwa dé ọjà, ó mọ̀ ọ́n ná, ó fi dínárì kan ra àgùntàn méjì. Ó ta ọ̀kan ní dínárì kan. Ó wá fa àgùntàn kan, ó mú dínárì kan dání, ó sì gbé méjèèjì padà fún ẹni tó rán an. Ṣé ẹ rí i? Bí ó bá fa àgùntàn wá nìkan, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ti pé, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ọgbọ́n orí rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó fi rí dínárì yẹn. Síbẹ̀ kò wò ó ní "tiwa". Ànábì tọrọ àlùbáríkà fún un nínú òwò rẹ̀, wọ́n sì sọ nípa rẹ̀ pé bí ó bá ṣe iyẹ̀pẹ̀ ni ó rà, yóò jèrè nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń pe irú iṣẹ́ tí Urwa jẹ́ ní wàkálà, ìyẹn ni pé kí ènìyàn dúró gẹ́gẹ́ bí aṣojú ẹlòmíràn. Èrè tí aṣojú bá rí lórí ohun tí a rán an, ti ẹni tó rán an ni, àyàfi bí ẹni náà bá mọ̀ tí ó sì yọ̀ǹda rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun wá jù kì í ṣe orí owó. Orí 400 yẹn ni.

Bí alásè kò bá ní fún wa ní ₦100 lórí àwo kọ̀ọ̀kan, ṣé a ó sọ fún Bàbá pé 250 kò tó? A ti bi ara wa ní ìbéèrè yìí lórí ẹní ìrun, a ti bi ara wa nínú mọ́tò. Ọ̀kan nínú wa ní a ó sọ ọ́, nítorí pé òótọ́ ni pé ẹbí Bàbá pọ̀, a sì ti rí ìnáwó tí oúnjẹ ti tán lójú àlejò rí. Èkejì ní a kò ní sọ ọ́. Títí di òní a kò tíì fẹnu kò. Ohun tí owó abẹ́lẹ̀ ń bà jẹ́ lára ènìyàn nìyẹn, ó sì ju ₦40,000 lọ. Kò sọ wá di òpùrọ́. Ó gba agbára láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni à ń sọ kúrò lọ́wọ́ wa. Ẹni tí kò gba nǹkan lọ́wọ́ alásè lè ṣe àṣìṣe lórí iye àlejò, yóò sì mọ̀ pé àṣìṣe ni. Àwa kò ní àǹfààní yẹn mọ́. A lè gba Bàbá ní ìmọ̀ràn tó dára jù láyé lọ́jọ́ náà, kí á má sì lè búra lé e. Nínú hàdíìsì mìíràn, Ànábì pe ẹni tí a bá fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ní ẹni tí a fọkàn tán. Àmánà kì í ṣe owó nìkan. Etí tí Bàbá fi gbọ́ tiwa, àmánà ni.

Ẹnì kan lè ní, "Kí ló kàn yín bí ènìyàn bá fẹ́ pe 1,000 ènìyàn? Owó rẹ̀ ni." A gbà bẹ́ẹ̀ dé ìwọ̀n kan. A kì í ṣe bàbá oníbàárà, a kò sì fẹ́ jẹ́ ààfáà oníwàásù tó ń gba owó iṣẹ́. Ọlọ́hun nínú Súrátù Àlùfúrúkáánì yin àwọn tí kì í ná ìná-àpà, tí wọn kì í sì í ṣe ahun, àárín méjèèjì ni wọ́n máa ń dúró sí; ibi tí àárín náà wà fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, ìdílé ni ó mọ̀ ọ́n. Àwọn ìdílé kan wà tí 1,000 ènìyàn kò ní mú kí wọ́n yá kọ́bọ̀. Iṣẹ́ tiwa ni pé kí iye tí ohun kọ̀ọ̀kan jẹ́ gan-an hàn sí oníbàárà kedere, kí á sọ èrò ọkàn wa lẹ́ẹ̀kan, kí á wá ṣe ohun tí ó bá wí. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́wà kò lè ṣe bí ó ti mọ, bí ẹni tó ń bá a ka owó bá ń fi ọwọ́ bo apá kan ìwé.

(Lórí owó dídà nìkan ni a kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí á dákẹ́. Òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti 2007, ní abala kọkànlélógún rẹ̀, ka fífọ́n náírà káàkiri lójú agbo àti títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà sì wà nínú rẹ̀, tàbí owó ìtanràn, tàbí méjèèjì. Ní 2024, ilé ẹjọ́ ní Èkó dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rán ènìyàn lẹ́wọ̀n lórí rẹ̀. A ń sọ èyí fún gbogbo oníbàárà. Wọ́n á gbọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì bi wá níbi tí a ti lè rí ṣẹ́ǹjì ₦200.)

Àwọn ènìyàn máa ń bú àwọn alága wa pé wọ́n fẹ́ràn owó. Alága ìjókòó á ní ọkọ ìyàwó kò dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ẹ fowó sí i. Á ní ìwé tí wọ́n kọ wá kò ṣeé kà láìfi owó ṣe awò ojú. Àwa náà máa ń bú wọn, pàápàá bí oòrùn bá ti ń wọ̀ tí oúnjẹ sì ń tutù. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí ẹ ṣe fẹ́, alága ń gba tirẹ̀ lójú gbogbo ayé, pẹ̀lú orin, ẹni tó bá ń fún un mọ̀ pé òun ń fún un, ó sì lè sọ pé ó tó. Inú àpò ìwé pẹlẹbẹ kọ́ ni ó ti ń gbà á.

Ọdún 2020 ni ojú wa là. Obìnrin kan, opó, ní Ìbàdàn níhìn-ín, gbé ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ fún wa. Èkó ni ìnáwó náà yóò ti wáyé ní oṣù Kẹrin, nítorí pé ibẹ̀ ni ìdílé ọkọ wà. Ó ti san ₦200,000 àsansílẹ̀ fún onígbọ̀ngàn kan níbẹ̀. Onígbọ̀ngàn náà kò fi ti ọ̀rọ̀ falẹ̀, ó ti fi ₦40,000 ránṣẹ́ sí wa ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ìjọba àpapọ̀ kéde kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Abuja nítorí àrùn kòrónà. Ní ọjọ́ kejì, Ìyá yìí ti wà ní yàrá wa kí á tó ṣílẹ̀kùn. Ó ní kí á bá òun gba owó òun padà, nítorí pé ìnáwó kò sí mọ́.

A pe onígbọ̀ngàn níwájú rẹ̀, a sì ṣí ohùn fóònù sókè kí ó lè gbọ́ bí a ṣe ń jà fún un. A sọ̀rọ̀ dáadáa. A ní kì í ṣe ẹ̀bi oníbàárà, kì í ṣe ẹ̀bi onígbọ̀ngàn, kí wọ́n jẹ́ kí á pín in. Ọkùnrin náà jẹ́ kí á sọ tiwa tán. Ó wá ní, "Ẹ̀yin náà kúkú ti gba tiyín. Ẹ dá tiyín padà, kí èmi náà dá tèmi padà."

Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Ìyá náà kò bi wá léèrè ohun tí "tiyín" túmọ̀ sí. Obìnrin tó ti tajà fún ọgbọ̀n ọdún kò nílò ìtumọ̀. Ó jókòó díẹ̀ sí i, ó ní kí á bá òun bu omi àlùwàlá, òun fẹ́ kírun. A fi ₦40,000 lé e lọ́wọ́ kó tó lọ; ó gbà á, ó sì dúpẹ́ bí ẹni tí kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀, èyí tó tún burú jù. Onígbọ̀ngàn dá ìdajì tirẹ̀ padà lẹ́yìn oṣù méje.

Yìgì náà so, nínú pálọ̀ ìyá yìí. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò tó mẹ́wàá: ọkọ àti ìyàwó, àbúrò bàbá ìyàwó tó dúró bí olùfàfúnni, lémọ́mù, ẹlẹ́rìí méjì àti àwọn ìyá. Wọ́n sọ sàdáákì, wọ́n san án, wọ́n ṣe àdúà, wọ́n jẹ ìrẹsì. Kò sí káńópì, kò sí alága, kò sì sí àwa náà. Fóònù ni a fi gbọ́ ọ.

Láti ìgbà náà ni a ti yí ọ̀nà padà, a kò sì fẹ́ kí ẹ rò pé ó rọrùn. Ní àkọ́kọ́, a rò pé kí á máa gba ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ìnáwó, kí ó wà ní gbangba, kí á sì máa dá ohunkóhun tí wọ́n bá fún wa padà fún oníbàárà. Ó dára létí. Nígbà tí a jókòó tì í ni a rí i pé ìdí kan náà ni: bí ìnáwó bá ṣe ń ga sí i ni tiwa náà yóò máa ga, 250 yóò sì tún máa kéré lójú wa. A wá sọ ọ́ di iye kan pàtó, tí kò ní yí padà bóyá àlejò 50 ni tàbí 500 ní gbọ̀ngàn kan náà, a sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹ̀dínwó tàbí kọmíṣàn tó bá tọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni wá, ti oníbàárà ni. Nítorí pé "tiwa" kò sí mọ́, iye tí a ń gbà ní gbangba ní láti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ọ̀pọ̀ gbọ́ iye náà, wọ́n lọ sọ́dọ̀ àwọn tí owó wọn kéré, a sì mọ ohun tó mú kí owó àwọn yẹn kéré. Àwọn alásè kan kò gbé fóònù wa mọ́. Ọ̀rẹ́ wa kan nínú iṣẹ́ yìí sọ fún wa ní tààràtà pé ẹni tí kò ní owó ilé ìwé ọmọ láti san ni ẹ lè wàásù fún bẹ́ẹ̀. Kò parọ́. A sanwó ilé ìwé pẹ̀lú gbèsè ní ọdún 2021. A kò ní ìdáhùn tó dùn fún un, a kàn mọ̀ pé a kò tún fẹ́ ṣí ohùn fóònù sókè níwájú oníbàárà pẹ̀lú ìbẹ̀rù.

Ó ku bàbá olùkọ́. Kì í ṣe òun nìkan ni ó wà nínú ìwé ńlá náà, ṣùgbọ́n òun ni a kọ́kọ́ rí nígbà tí a ṣí i padà. A lọ bá ààfáà wa. Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé owó tó ra nǹkan bí àpò ìrẹsì mẹ́ta ní 2015, a kò lè fi ra ju ẹyọ kan lọ ní 2021. Èwo ni kí á wá dá padà? Ààfáà ní iye tí a gbà ni ọ̀ranyàn, bí a bá fi nǹkan lé e láìjẹ́ pé wọ́n bèèrè rẹ̀, ìyẹn jẹ́ ìwà rere, nítorí pé Ànábì fúnra rẹ̀ máa ń san gbèsè ní ọ̀nà tó dára ju bí ó ti gbà á lọ. A ṣa owó jọ. Ohun tí ọwọ́ wa ká ni ₦30,000 ti gbọ̀ngàn, a fi ₦10,000 lé e. Ti alásè, a sọ fún ara wa pé a ó tún padà wá, nítorí owó kò tó. Bí ọ̀rọ̀ 400 yẹn yóò ṣe jáde lẹ́nu wa ni kò tó.

A bá Bàbá ní ìta, ó ń ka ìwé ìròyìn. Ó ti darúgbó díẹ̀ sí i. Ó béèrè ọmọ, ó béèrè iṣẹ́. A kúnlẹ̀, a sọ ti gbọ̀ngàn fún un, a gbé owó kalẹ̀. Kò bínú, kò sì sọ pé kí á má yọ ara wa lẹ́nu, èyí tí a ti ń retí ní ìkọ̀kọ̀. Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó pe ọmọ kan pé kó mú bírò wá, ó ya bébà kan, ó sì kọ rìsíìtì fún wa pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé olùkọ́ rẹ̀ tó rẹwà: ọjọ́, iye, "owó gbọ̀ngàn, 2015". Ó buwọ́ lù ú. Ó wá yọ awò ojú rẹ̀, ó wò wá.

Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, alásè yẹn ńkọ́?"

Ìwé ńlá náà wà nínú báàgì. A mú un jáde, a ṣí i sí ojú ewé rẹ̀, a sì yí i kọ ojú sí i kí ó lè kà á fúnra rẹ̀.